Bí ẹ ṣe lè kó àwòrán, fídíò àti ohùn inú ìkànnì yín jáde, kí ẹ sì tọ́jú wọn dáadáa

Bí ẹ bá wọ inú WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ìkànnì, tí ẹ lọ sí Tools, tí ẹ tẹ Export, tí ẹ sì yan All content, fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .xml yóò bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé e sórí fláàṣì, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pé gbogbo ìkànnì àwọn ti wà lọ́wọ́ àwọn. Kò sí àwòrán ẹyọ kan nínú fáìlì yẹn. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì yín ń gbé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí ìkànnì tuntun, tí ẹ sì fàmì sí "Download and import file attachments", ìkànnì tuntun yóò mú àdírẹ́sì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì lọ bu àwòrán wá láti orí ìkànnì àtijọ́. Bí ilé-iṣẹ́ hosting, ìyẹn àwọn tó ń fún ìkànnì yín láyè lórí server, bá ti ti ìkànnì àtijọ́ pa nítorí owó ọdún tí ẹ ò san, kò ní rí nǹkan kan bù.

Àdánù ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn èèyàn wa ní Abẹ́òkúta. Aládìrẹ tó wà ní Ìtòkú ti ta aṣọ tó yà sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Aṣọ ti lọ sí òkè òkun, àwòrán nìkan ló kù tó lè fi han oníbàárà tuntun bí irú ọnà bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ìjọ tó ń gbé ohùn ìwàásù sórí ìkànnì kò lè ní kí pásítọ̀ tún un wàásù. Ẹni tó ya fídíò ọdún Lísàbí kò lè dá ọjọ́ yẹn padà. Ọ̀rọ̀ ojú-ewé ṣeé tún kọ. Nítorí náà, àwòrán àti fídíò ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn.

Ẹ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ bi wọ́n léèrè páásíwọ̀ọ̀dù ìkànnì wọn, wọn á ní, "Ọmọ tó bá wa ṣe é ló ní i lọ́wọ́." Ọmọ náà lè ti kó lọ sí Èkó, ó lè ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ó lè má ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ìkànnì: ti ibi tí wọ́n ti ra orúkọ ìkànnì, ti hosting (èyí tó sábà máa ń ṣí cPanel, ojú-ewé tí ẹ ti ń ṣàkóso hosting), àti ti alábòójútó WordPress fúnra rẹ̀. Kí e-mail tí wọ́n fi ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ tiyín, kó má jẹ́ ti ẹni tó bá yín ṣe é.

Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe ìkànnì náà bá jù yín lọ, ẹ kọ̀wé sí i pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ́jú àwọn àwòrán orí ìkànnì wa. Ẹ bá mi fi bí a ṣe ń wọ hosting àti orúkọ ìkànnì ránṣẹ́. Iṣẹ́ ìkànnì náà ṣì wà lọ́wọ́ yín o." Bó bá jẹ́ ọmọdé sí yín: "Ọmọ mi, iṣẹ́ ńkọ́? Jọ̀ọ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù kí o wá fi bí mo ṣe lè wọ ibi tí ìkànnì wa wà hàn mí." Gbólóhùn tó ní iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ló máa ń mú kí wọ́n dákẹ́. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù, kí ẹ sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé e wá rẹ́.

Orí kọ̀ǹpútà tiyín ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé oníkọ̀ǹpútà tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́ dára fún ìwé títẹ̀ àti fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n páásíwọ̀ọ̀dù hosting tí ẹ bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wọn lẹ fẹ́ lò, ẹ gbé ẹ̀rọ alágbèéká yín dání.

Ibi tí àwòrán wà gan-an

Nínú cPanel, ẹ ṣí File Manager, ẹ wọ public_html, lẹ́yìn náà wp-content, lẹ́yìn náà uploads. Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ máa rí fọ́ldà ọdún, bíi 2022, 2023, 2024. Nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, oṣù 01 títí dé 12. Ẹ tún lè rí fọ́ldà tí plugin (ohun èlò àfikún WordPress) dá sílẹ̀, bíi woocommerce_uploads. Ẹ má fò wọ́n.

Fáìlì tí ẹ máa bá níbẹ̀ yóò pọ̀ ju àwòrán tí ẹ gbé síbẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé àwòrán kan sórí WordPress, yóò gé e sí oríṣiríṣi ìwọ̀n fúnra rẹ̀: 150x150, 300, 768, 1024 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ẹ̀dà 5.3 tó jáde ní 2019, àwòrán tó bá ju 2560 píksẹ́ẹ̀lì lọ, WordPress á ṣe èyí tó kéré sí i tó fi "-scaled" sí orúkọ rẹ̀, á sì fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nínú fọ́ldà kan náà. Ojúlówó yẹn ni kí ẹ ṣọ́ bí ojú. Òun ni ẹ lè fi tẹ báńà tàbí ìwé. Àwọn kékeré ṣeé tún gé.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi àwọn kékeré sílẹ̀ kí dátà má bàa lọ púpọ̀. Mi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ yọ wọ́n, ẹ lè yọ ojúlówó kan tí orúkọ rẹ̀ ṣèèṣì ní 800x600 nínú mọ́ wọn, ẹ ò sì ní mọ̀.

Kíkó o jáde

Ọ̀nà tó rọrùn jù lórí cPanel nìyí. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fọ́ldà ọdún kan, ẹ yan Compress, ẹ yan GZiped Tar Archive, ẹ dúró kó parí, kí ẹ wá yan àpò tó dì náà kí ẹ tẹ Download. Lẹ́yìn náà ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má di gbogbo uploads lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́, àwòrán JPEG àti fídíò ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀. Dídì wọn kò dín wọn kù, nítorí náà bí uploads bá gba 6 GB, àpò rẹ̀ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 6 GB míì lórí server, àyè tí ẹ sì sanwó fún lè má tó. Ẹ wo Disk Usage lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé cPanel kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, bí iná bá lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí ẹ ti gba 5 GB, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tóbi, oṣù kan lẹ́ẹ̀kan. Bí dátà òru bá dín owó fún yín, òru ni kí ẹ ṣe é, kí bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká sì kún.

Nígbà tí àpò kan bá ti dé ọwọ́ yín, tí ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pa èyí tó wà lórí server rẹ́. Inú public_html ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ tàbí tó bá méfò rẹ̀ lè gbà á sílẹ̀.

Bí àyè ò bá sí lórí server láti di nǹkan, FileZilla, ètò tó ń kó fáìlì láti orí server sórí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan SFTP, pọ́ọ̀tù 22, bí hosting yín bá gbà á. FTP lásán, pọ́ọ̀tù 21, ń gbé páásíwọ̀ọ̀dù yín lọ ní gbangba lójú ọ̀nà. Ẹ fa uploads láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Ìwúlò rẹ̀ fún wa nílùú yìí ni pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Fáìlì tí kò wọlé á wà lábẹ́ Failed transfers, ẹ lè dá wọn padà sórí ìlà. Bó bá sì bi yín nípa fáìlì tó ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó gba èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ tàbí tí ti orí server jẹ́ tuntun jù, kí ẹ sì fàmì sí i pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìṣó.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo ojú dúdú (Terminal), tí hosting rẹ̀ sì fàyè gba SSH, ìyẹn ọ̀nà láti pàṣẹ fún server láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà tó dára jù fún un nìyí:

rsync -av --partial oruko@server:public_html/wp-content/uploads/ ~/ipamo/uploads/

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ohun tuntun nìkan ló máa ń kó. Ẹ má fi --delete kún un láé. Pẹ̀lú --delete, àwòrán tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí ìkànnì yóò parẹ́ nínú ìpamọ́ yín náà nígbà tí ẹ bá tún un ṣe, ohun tí ẹ sì ń sá fún nìyẹn.

Tó bá jẹ́ WordPress.com ni ìkànnì yín wà, ẹ̀ ń sanwó tàbí ẹ ò sanwó, ẹ lọ sí Tools, Export, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Media Library lọ́tọ̀ sí ti ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì méjì ni. Ẹ tẹ méjèèjì. Àwọn tó ń lo Blogger, ẹ wọ Google Takeout, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí ẹ kó nǹkan yín jáde, kí ẹ yan Blogger.

Nípa fọ́ldà ọdún tó ti kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé kò lè yí padà mọ́. Ó lè yí padà. Bí ẹ bá ṣí àpilẹ̀kọ 2021 láti tún un ṣe, tí ẹ sì fi àwòrán tuntun kún un láti ibẹ̀, inú fọ́ldà 2021 ni WordPress máa fi í sí, kì í ṣe ti ọdún yìí. Nítorí náà, ẹ máa padà yẹ àwọn ọdún àtijọ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Dátábéèsì ń bá àwòrán rìn

Àwòrán nìkan kò tó. Àkọlé àwòrán, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, Alt Text rẹ̀ (ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀), àti bó ṣe jẹ́ ti ọjà wo, inú dátábéèsì, ibi tí WordPress ń kọ ọ̀rọ̀ ìkànnì sí, ni gbogbo ìyẹn wà. Lórí WooCommerce, plugin tí wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí ìkànnì, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi so àwòrán mọ́ ọjà. Ẹ lè ní àwòrán adìrẹ ẹlẹ́kọ igba lọ́wọ́ kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́ Ìbàdàndùn tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sábẹ́ àti èyí tó jẹ́ Olókun, bí dátábéèsì ò bá sí.

Nínú cPanel, ẹ ṣí phpMyAdmin, ẹ tẹ orúkọ dátábéèsì yín lápá òsì, ẹ tẹ Export, ẹ fi Quick àti SQL sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ gba fáìlì náà. Kì í tóbi. Ọjọ́ kan náà tí ẹ kó àwòrán ni kí ẹ kó o, kí àwọn méjèèjì lè bára mu, kí ẹ sì fi déètì sí orúkọ rẹ̀: database-2025-06-14.sql.

Ó gba ìṣọ́ra o. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé wọn wà nínú dátábéèsì ṣọ́ọ̀bù. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì kan ẹni tó ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 7-Zip, ètò tó ń di fáìlì, dì í pẹ̀lú páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ yan AES-256. Ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp.

Orúkọ fáìlì tó ní àmì ohùn

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíì lọ. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà ẹ lọ́nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí e tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún lọ́tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú server, orúkọ fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí fáìlì adìrẹ-ẹlẹ́kọ.jpg bá kúrò lórí server lọ sí Mac, tó gba inú zip Windows, tó tún padà sórí server míì, ó lè dé pẹ̀lú orúkọ tí kò bá ti dátábéèsì mu mọ́. Àwòrán wà níbẹ̀, ojú-ewé á sì máa fi àpótí òfìfo hàn.

Windows tún ní tirẹ̀: kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ìyàtọ̀ nínú orúkọ fáìlì. Adire.jpg àti adire.jpg tó jẹ́ méjì lórí server, ọ̀kan á gun orí èkejì bí ẹ bá tú wọn sínú fọ́ldà kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ yan GZiped Tar, kí ẹ sì tọ́jú àpò náà bó ṣe dì, láìtú u. Bí ẹ bá fẹ́ wo inú rẹ̀, ẹ tú ẹ̀dà kan sí ibòmíì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ orúkọ àwọn tó ti wà lórí ìkànnì, nítorí dátábéèsì orúkọ àtijọ́ ló mọ̀. Láti òní lọ, kí ẹ tó gbé àwòrán sókè, ẹ fún un ní orúkọ tí kò ní àmì, lẹ́tà kékeré gbogbo: adire-eleko-olokun-01.jpg. Yorùbá tó péye, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú Title, Caption àti Alt Text. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń kà á, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ewé fún afọ́jú ti ń rí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fi 7-Zip ṣí àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sọ pé òpin fáìlì ò pé, ẹ tún un gbà. Ẹ ṣí àwòrán bíi mẹ́wàá láti oṣù oríṣiríṣi, kí ẹ sì fà wọ́n tóbi. Àwòrán tí kò parí máa ń ní àwọ̀ eérú nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò kan ṣeré dé òpin, nítorí fídíò tó já lójú ọ̀nà lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó sì dúró láàárín. Ẹni tó bá ní Terminal nínú cPanel rẹ̀ lè ka iye fáìlì orí server:

find public_html/wp-content/uploads -type f | wc -l

kó sì fi wé iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi iye tí Media Library ń sọ ṣe ìwọ̀n. Àwọn kékeré tí WordPress gé kò sí nínú ìyẹn.

Àyẹ̀wò tó lágbára jù ni pé kí ẹ gbé ìkànnì náà dìde sórí ẹ̀rọ alágbèéká yín. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní Local, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wọlé. Ẹ dá WordPress òfìfo sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ da dátábéèsì sínú rẹ̀, ẹ tú uploads sí àyè rẹ̀. Ó ku kí ẹ pààrọ̀ àdírẹ́sì ìkànnì sí ti orí kọ̀ǹpútà. Àṣẹ wp search-replace ti WP-CLI (ohun èlò tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún WordPress nínú Terminal) ló ń ṣe ìyẹn láì ba nǹkan jẹ́, ẹ má fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀ nínú fáìlì SQL. Ẹ pa dátà yín kí ẹ tó wò ó, kó má lọ jẹ́ pé orí ìkànnì tòótọ́ ni àwòrán ti ń wá. Bí àwòrán bá yọ síbẹ̀síbẹ̀, ẹ ti ní ìpamọ́.

Ibi tí ẹ máa fi í sí

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà níbòmíì. Ìlànà tí àwọn ayàwòrán ń tẹ̀ lé nìyẹn. Ní 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé server OVH ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Lára àwọn tó pàdánù dátà wọn ni àwọn tí ìpamọ́ wọn wà lójú kan náà pẹ̀lú ìkànnì wọn. Plugin tó bá ń tọ́jú ìpamọ́ yín sínú wp-content kò tíì tọ́jú nǹkan kan. Plugin UpdraftPlus lè fi í ránṣẹ́ sí Google Drive, ẹ lọ ṣètò ìyẹn. 15 GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fún yín, Gmail àti àwòrán fóònù yín ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ máa wò ó.

Orí ayélujára nìkan kò tó pẹ̀lú. Ẹ rántí 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì dá gùdẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, ẹ ra hard drive kan. Fláàṣì wà fún gbígbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíì, kì í ṣe fún ìtọ́jú ọlọ́dún gbọọrọ. Kí ẹ tó da nǹkan sí i, ẹ wò ó bóyá FAT32 ni ọ̀nà tó fi ń to fáìlì. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB, fídíò ìgbéyàwó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ di exFAT nígbà tó ṣì ṣófo, nítorí ìyípadà yẹn ń nu gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní Ìtòkú tí ilé sì wà ní Ọbáńtokò, ilé ni kí hard drive máa gbé.

Gbígbé e padà

Bí ẹ bá ní uploads àti dátábéèsì, ẹ dá méjèèjì padà sí àyè wọn, gbogbo rẹ̀ á tò. Bó bá jẹ́ àwòrán nìkan lẹ ní, ẹ mọ̀ pé dídà wọ́n sínú uploads kò ní mú wọn yọ nínú Media Library; WordPress ò mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹ gbé wọn wọlé láti Media, Add New, tàbí kí ẹni tó ní WP-CLI lo wp media import. Bí àwọn ìwọ̀n kékeré ò bá pé, wp media regenerate á tún wọn gé láti ara ojúlówó.

Ẹ má tíì fagi lé hosting àtijọ́ lọ́jọ́ tí tuntun bá ṣí. Ẹ fi oṣù kan lé owó rẹ̀, kí ẹ máa ṣí ojú-ewé àwọn ọjà tó ti pẹ́ jù lọ, kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àwòrán wọn, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó jáde. Èyíkéyìí tó bá ṣì ń tọ́ka sí ìkànnì àtijọ́, ẹ tún un ṣe kí oṣù náà tó parí.